Ta ló ti fi ògbólógbòó mọ́tò spọ́ọ̀tì méjì ṣe ẹyọ kan rí? Ẹ wá sọ bó ṣe rí

Àkàndé65
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. MGB méjì ló wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí, olórùlé ṣíṣí ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti 1965. Bọ́dì rẹ̀ dáa. Mo fi òòfà yí i ká, ó lẹ̀ mọ́ ọn níbi gbogbo àyàfi bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan, kò yí mọ́. Èkejì jẹ́ ti 1970. Ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá fi ìka kan ti sill rẹ̀, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, lápá ọ̀tún, ìka yẹn á wọlé. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ tán. Èrò mi ni pé kí n gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà 1970 sínú bọ́dì 1965. Kí n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, mo fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹni tó ti ṣe é. Ohun tójú yín rí ni kí ẹ sọ fún mi o.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Má tíì gbé gíà yẹn. Mò ń bọ̀, ọwọ́ mi dí.

Ìyá_Z
Datsun 240Z ni tèmi. Èmi àti bàbá mi la jọ ṣe é, ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà wá. Ọ̀kan jẹ́ 1970, ọ̀kan jẹ́ 1972. Ìsàlẹ̀ 1970 ti jẹrà débi pé tó o bá jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀ lò ń wò láàárín ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Bọ́dì 1972 la wá mú, a sì tú ohun tó dáa lára 1970 sínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn méjèèjì, gíláàsì, ìdérí ẹ̀yìn.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ọ̀rá tá a fi ń kó bóòtì sí. Bàbá mi ò jẹ́ kí n tú bóòtì kan ṣoṣo láìkọ ọ́ sára ọ̀rá: mọ́tò wo ló ti jáde, ibo ló ti jáde, òsì ni àbí ọ̀tún. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn, mo rò pé ó kàn ń dá mi dúró ni. Ọdún kejì tá a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo mú ọ̀rá kan, mo kà á, mo dè é, ó tán.

Ìdérí ẹ̀yìn yẹn nìkan ló fi àmì sílẹ̀. Lára Z àkọ́kọ́, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde wà lára ìdérí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, lábẹ́ gíláàsì. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e lọ sára òpó ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn fèrèsé. Tèmi wá ní i níbi méjèèjì. Ẹni tó bá mọ Z á rí i láti òkèèrè.

Kòkúmọ́
Níbi méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dí ọ̀kan. Kò sí Z kankan tó jáde ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Z
Mi ò ní dí i. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun ìdérí yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi omi àti sáńpépà ha á kó tó gbà pé ó ti dán tó.

Adé_914
Ẹ má dí i o! Ẹ jẹ́ kó mí síbẹ̀.

Kòkúmọ́
Mo gbọ́ ti bàbá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n tá a bá ń sọ pé a tún mọ́tò ṣe, ó yẹ kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ìyá_Z
Àbúrò, ọjọ́ wo nínú ọjọ́ méjì? Mọ́tò méjì ni.

Bádé
Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn 😂

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Mo ti dé. Àkàndé, gbọ́. Ìparí 1967 ni MGB Mk II, ẹ̀dà kejì, jáde, ìgbà yẹn ni wọ́n pààrọ̀ gíà rẹ̀. Gíà tuntun ní synchro, ohun tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wẹ́rẹ́ bí mọ́tò ṣe ń lọ, lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni wọ́n bá fẹ tunnel, irin tó bo gíà, tó gba àárín ìjókòó méjèèjì. Tunnel ti 1965 rẹ kò fẹ̀ tó yẹn.

Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo ṣe tèmi. A fi kéréènì gbé ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíà sókè, à ń rọra tì í wọlé. Ó kù díẹ̀, ó há. A fà á jáde, a tún tì í, ó há síbi kan náà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ mọ́tò. Mo rí ibi tí etí gíà ti ha ọ̀dà kúrò lára irin, ó ń dán yinrin. A mú òòlù, a sì fi gbogbo ọ̀sán lu tunnel yẹn títí ó fi gbà. Ó dùn mí di òní, torí bọ́dì tí ìpáàrà ò fọwọ́ kàn rí ni.

Gbé ẹ́ńjìnnì 1970 nìkan. Fi gíà 1965 sílẹ̀ níbi tó wà. Bíárìn márùn-ún ló gbé crankshaft, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, nínú ẹ́ńjìnnì rẹ méjèèjì, láti ìparí 1964 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì àti flywheel, àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ti 1965 ni kó o dè mọ́ ọn. Ti 1970 kò bá gíà àtijọ́ mu.

Bádé
Kó má gbàgbé pé gíà 1965 kò ní synchro lórí gíà kìíní. Kó dúró pátápátá kó tó fi í.

Rìwáyà_Àgbà
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin, ẹnì kan ò dárúkọ iná. Mo bẹ yín, Àkàndé, kí o tó so bátìrì, ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Lára MGB 1965, orí pọ́síítìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Lára ti 1970, orí nẹ́gétíìfù ni. Láti fi iná sínú bátìrì, ti 1965 ń lo dynamo, ti 1970 ń lo alternator. Àbúrò kan gbé ẹ́ńjìnnì tuntun pẹ̀lú alternator rẹ̀ sínú bọ́dì àtijọ́, ó so bátìrì bó ṣe bá wáyà níbẹ̀. Ó pè mí pé òun ń gbóòórùn nǹkan. Kí n tó débẹ̀, rọ́bà wáyà tó nípọn ti yọ́ lé irin, ó ń rùn bí ẹni ń sun bàtà. Dáyóòdù inú alternator ti jó. Bá a ṣe yí gbogbo rẹ̀ padà sí nẹ́gétíìfù nìyẹn, àti aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì pàápàá, torí òun náà mọ ìyàtọ̀. Bátìrì volt mẹ́fà méjì ló wà lẹ́yìn ìjókòó, ẹ ranti. Méjèèjì lẹ máa yí.

Àkàndé65
Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò tilẹ̀ ronú kan iná rárá.

Adé_914
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Porsche 914 méjì, 1973 àti 1974. Gbogbo ẹni tó ní 914 ló mọ ihò tí wọ́n ń pè ní ọ̀run àpáàdì. Apá ọ̀tún, nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé. Ásíìdì ń ro sílẹ̀, omi òjò ń bá a lọ, ó ń jẹ irin gígùn tó gbé gbogbo ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Mo gbé bátìrì ti 1973 kúrò, mo fi síkúrúdíráfà kan irin abẹ́ rẹ̀, ó wọlé bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí bu ẹ̀kọ. Wọ́n ti fi iwájú 1974 gbá nǹkan, ṣùgbọ́n irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì le. Mo ní kí n gé e wá.

Mo gé ti 1973 kúrò láìfi nǹkan gbé ẹnu ilẹ̀kùn ró. Mọ́tò tí kò ní òrùlé tí wọ́n jó mọ́ ọn, irin ẹ̀gbẹ́ yẹn ló mú un dúró. Lọ́jọ́ kejì, àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti pa dé. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fi jáàkì gbé àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mo ń wọn àlàfo náà lókè àti nísàlẹ̀, títí ó fi dọ́gba. Ìgbà náà ni mo tó jó irin mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ó padà dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jó irin yẹn, kí ẹ tó gbé gíríńdà.

Túnjí
Kí ló dé tẹ́ ò kúkú fi iwájú ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ìkejì?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Túnjí, rárá o. Gígé mọ́tò sí méjì láàárín kí á tún jó o pọ̀, ìyẹn máa ń pààyàn. Tí wọ́n bá gbá a, ibẹ̀ ló máa já.

Adé_914
Mo fara mọ́ ọn. Irin kan ni mo pààrọ̀, láti ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ra dé ibi tí wọ́n ti so ó. Ìyẹn yàtọ̀.

Àkàndé65
Ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé 1970 ló pé lọ́wọ́ mi. Ti 1965 ti sọnù. Ṣé mo lè yọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà bọ́dì 1970 sí, kí n kàn án mọ́ ti 1965?

Ìyá_Z
Rárá.

Kòkúmọ́
Rárá! Bọ́dì ló ni nọ́ńbà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ gan-an ló máa jìyà rẹ̀.

Bádé
Kòkúmọ́ àti Ẹ̀gbọ́n bára wọn mu lónìí!

Ìyá_Z
Lórí èyí, a ò ní àríyànjiyàn. Àkàndé, wá ìwé 1965 náà lọ́nà tó tọ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Kí o sì tọ́jú irin nọ́ńbà 1970 pẹ̀lú àwòrán bó o ṣe tú u, kí ìtàn mọ́tò kejì má baà sọnù.

Túnjí
Ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì jẹ́ 1965?

Kòkúmọ́
Kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kó má ju ti àtijọ́ nù, kó fi epo sínú rẹ̀, kó fi í pamọ́.

Rìwáyà_Àgbà
Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí òòfà ò lẹ̀ mọ́ yẹn náà, tọ́jú ẹ. Alumíníọ̀mù ni ti àtijọ́, àwọn tó dé lẹ́yìn ló di irin. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Àkàndé65
Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Gíà 1965 dúró síbi tó wà. Mo ti ra ọ̀rá àti máákà, mo sì tú bóòtì àkọ́kọ́ ní àárọ̀ yìí, èyí tó de bátìrì mọ́lẹ̀.

Ìyá_Z
Òsì àbí ọ̀tún?

Àkàndé65
Òsì, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́.