Fífi àwọ̀ méjì péré kun fótò nínú áàpù fóònù

Ayàwòrán Ọjà Ọba (Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ áàpù Android kan tí àwọn oníbàárà mi yóò fi máa sọ fótò ìnáwó wọn di aláwọ̀ méjì, kí ibi tó ṣókùnkùn di àwọ̀ aró, kí ibi tó mọ́lẹ̀ sì di àwọ̀ wúrà. Mo ń fi àṣẹ getPixel mú píksẹ́lì (ẹyọ àwọ̀ kékeré inú fótò) kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣírò àwọ̀ rẹ̀ tuntun, mo sì ń fi setPixel dá a padà. Àbájáde rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n fótò kan tí mo yà ní Òkè Ìdànrè, tó jẹ́ 4000 lórí 3000, mú kí áàpù náà dúró gbagidi títí fóònù fi béèrè bóyá kí òun tì í pa. Báwo ni mo ṣe lè mú un yára?

Bàbá Kóòdù (Oǹdó):
Àbúrò, píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 lo ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè ṣe kó má dúró. Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ lásán ni iṣẹ́ yìí, nítorí náà ColorMatrix kan ṣoṣo, ìyẹn tábìlì Android tó ń yí àwọ̀ padà, tó ní nọ́ńbà 20 (ìlà mẹ́rin, àyè márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan), ti tó o. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mọ̀: pupa ń kó 0.2126, àwọ̀ ewé 0.7152, búlúù 0.0722. Ká ní aró rẹ jẹ́ (20, 30, 90), tí wúrà sì jẹ́ (255, 200, 60). Ní ìlà pupa, yọ 20 kúrò nínú 255, ó ku 235. Fi 255 pín in, ó di 0.9216, fi èyí sọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, wàá rí 0.196, 0.659 àti 0.067. Àyè kẹrin jẹ́ 0, àyè karùn-ún sì jẹ́ 20. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìlà búlúù yóò wà lábẹ́ òdo, nítorí búlúù inú aró ju ti wúrà lọ. Má yí i padà. Fi ColorMatrix náà sínú ColorMatrixColorFilter, fi ìyẹn sínú Paint, kí o sì fi Paint náà ya Bitmap (fótò rẹ) sórí Canvas, ojú ìyàwòrán Android.

Ìyá Ìbejì Aláàpù (Àkúrẹ́):
Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ ara wa. Ojú ẹni dúdú kì í ga lórí òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ yẹn, pàápàá lábẹ́ àgọ́ ìnáwó, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á rì sínú aró, gèlè nìkan lẹ máa rí. Ẹ gbé àárín òṣùwọ̀n náà sókè kí ẹ tó kun ún. ColorMatrix kò lè ṣe èyí, torí ìyípadà yìí kì í lọ tààrà bí ìlà gbọọrọ; tábìlì alááyè 256, àyè kan fún ìpele ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255, ni mo máa ń lò. Lórí iPhone, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CIFalseColor ló ń ṣe ti àwọ̀ méjì.

Ayàwòrán Ọjà Ọba:
Ẹ ṣé gan-an. Fótò Ìdànrè yẹn ti ń yí padà kí n tó gbé ìka kúrò lára bọ́tìnì. Ojú ọkọ ìyàwó kan ṣì ṣókùnkùn. Tábìlì yẹn ni mo fẹ́ kọ báyìí.