Ìdábàá ni, kì í ṣe ìpolówó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa kan gbé wá. Wọ́n ní "ìpolówó-eré" ni ká máa pe ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dúró síwájú olùkọ́, tí wọ́n ń ṣàlàyé fíìmù àṣekágbá tí wọ́n fẹ́ yà kí wọ́n lè gbàṣẹ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "pitch", píìṣì. Ìdábàá ni èmi ní ká máa pè é. Ó dùn mí. Ọ̀gá mọ èdè, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò bá ohun tó ń tọ́ka sí mu, bí a bá sì dákẹ́, àwọn ọmọ á gbé e wọ kíláàsì, kò sì ní ṣeé gbà lẹ́nu wọn mọ́.

Wọ́n ní owó wà nínú ìpolówó, owó làwọn ọmọ náà sì ń wá. Rárá o. Olówó ló wà níbẹ̀: ì, pè, olówó. Ẹni tó ń polówó ń pe olówó wá síbi ọjà tó ti wà lórí igbá. Ìyá tó ń kiri ọ̀lẹ̀lẹ̀ ládùúgbò wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, kó tó lanu rárá, ó ti bó ẹ̀wà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti pọ́n ọn, ó ti sè é, ooru ṣì ń yọ lára ewé. Ọjà tirẹ̀ ti jinná. Kí ló jinná lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì gbé kámẹ́rà?

Mo fojú ara mi rí wọn. Ọmọ àbúrò mi wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni wọ́n sì ti ń lò láti oṣù kan ó lé díẹ̀. Ọ̀kan kọ ìtàn, ọ̀kan jẹ́ olùdarí, ọ̀kan ń ṣètò owó àti òṣèré, ọ̀kan wà nídìí kámẹ́rà, ọ̀kan nídìí ohùn. Wọ́n lẹ àwòrán mọ́ páálí: ògiri alámọ̀, aṣọ àdìrẹ lórí okùn, ọwọ́ ìyá arúgbó kan tó ti dúdú dé ìgúnpá. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olùdarí ká gbogbo fíìmù náà sínú gbólóhùn kan: "Ìkòkò aró kan ṣoṣo ló kù fún ìyá aláró, ọmọ rẹ̀ sì ti gbowó ìkòkò náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á." Ẹ̀yin ọmọ Oròkí, ẹ mọ ibi tí ìyẹn ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó, bí Ọ̀ṣun ṣe figbe ta pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán á mọ ìdí tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ tí wọ́n máa dúró níwájú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ojú-ìwé mélòó ni ìtàn yìí. Wọ́n ní 18. Ojú-ìwé kan ni wọ́n ń kà sí ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 18. Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi yà á? Mẹ́rin. Mo ní elú kì í ṣàdédé di aró, ó ní iye ọjọ́ tó ń lò nínú ìkòkò, ta ló máa pò ó sílẹ̀ dè yín? Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọmọ tó ń ṣètò owó fa ìlà gba àárín ojú-ìwé kan, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹni tó ń polówó kì í tú ọjà rẹ̀ palẹ̀ nítorí pé oníbàárà béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dábàá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo "dá" yẹn dáadáa. Dáko, dáná, dá ìlú sílẹ̀: ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló ń mú wá. Kódà dáwó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá owó kiri, torí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dáwó jọ láàárín ara wọn.

Ìyá wa tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wá lánàá, mo dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n "ìdábá" lẹ kọ, mà. Ìdábàá ni. Nígbà tí dá pàdé àbá, fáwẹ́ẹ̀lì kan lọ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò lọ. Ó sún síwájú, a sì ní láti wá fáwẹ́ẹ̀lì mìíràn gbé e lé: bàá. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, máa ń ní ká súfèé ọ̀rọ̀ ká tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ súfèé ìdábá, kẹ́ ẹ tún súfèé ìdábàá. Ẹ ó gbọ́ ibi tí súfèé ti wálẹ̀.

Arákùnrin wa ní Amẹ́ríkà ní àbá yìí àti àba tí adìẹ ń sà lórí ẹyin, ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohùn àárín kì í ṣe ohùn òkè. Ẹni tó bá ní wọ́n jọra, kó lọ sọ fún onígángan. Àmọ́ arákùnrin náà ṣe mí lóore láìmọ̀. A ti ń wá orúkọ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ ya fíìmù fi ń wá ibi tí wọ́n ti máa yà á, tí wọ́n ń wá òṣèré, tí wọ́n ń ṣírò owó. Ìgbà ìsàba! Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń jókòó lórí ẹyin tirẹ̀, tàwọn ọmọ yìí sì ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn ju "ìpètepèrò" tí àwọn kan mú wá lọ, torí pé nínú ìròyìn òde òní, àwọn olè àti adìtẹ̀ nìkan ló ń pète-pèrò.

Ẹni tó ní ká fi "píìṣì" sílẹ̀ bó ṣe wà, tó sì fi orúkọ Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ṣe ẹ̀rí, ó ṣi ẹ̀rí mú. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ilé náà sílẹ̀ níbí ní 1962, etí Òṣogbo kò gbà á ní tútù. Wọ́n gbọ́ ọ bíi pé bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Wọ́n fi ìtumọ̀ sí i nínú. Ìtumọ̀ wo lẹ fi sínú píìṣì?

Ti olóòtú tí ẹ tún dá sílẹ̀, pé ta ló yẹ kó máa jẹ́ orúkọ yẹn nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù, mi ò lè parí ẹ̀ lónìí. Mo gbà pé ẹni tó ń ṣètò owó ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gé àwòrán pọ̀ ní òun ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun. Ẹ jẹ́ ká bá a nìṣó.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ làwọn ọmọ máa dúró síwájú olùkọ́. Wọ́n ti kọ IPOLOWO sórí páálí wọn, láìsí àmì kankan. Mo ti lẹ bébà funfun bò ó, mo sì fi bírò kọ ìdábàá sí i, pẹ̀lú àmì ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.