Okùn méjì ń pariwo, mẹ́rin ń sùn: kí ni kí n ṣe sí pickup gìtá mi?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá, ẹ gbà mí o. Kétu ni mo wà, gìtá onígi tí kì í lo iná ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ti bàbá mi ni, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ú ní ihò kankan, ni mo ṣe ra pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú ẹ̀rọ) onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń há sí ojú ihò ńlá àárín gìtá, tó ṣeé yọ.

Tí mo bá ti kì í bọ míkísà (ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀), okùn tín-ín-rín méjì ìsàlẹ̀ á máa ké gooro, mẹ́rin tí wọ́n fi idẹ wé kò ní í fẹ́ẹ́ dún. Mo rọ pickup sílẹ̀ lápá tín-ín-rín, mo fi páálí gbé apá kejì sókè. Ó sàn díẹ̀, kò tó. Mo pààrọ̀ wáyà, òfo. Mo fi kún bass, ló bá ń kùn bí oyin lójú gbogbo ìjọ! Máíkì ńkọ́? Ìlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń gbé.

Wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbọ́ idẹ, irin inú okùn nìkan ló ń gbọ́. Ẹni tó ti dán an wò ni mò ń bi: bí mo bá ra okùn tí wọ́n fi nickel wé, ṣé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dún dọ́gba, àbí kí n kúkú ra piezo, irú pickup tó ń gbọ́ bí igi ṣe ń gbọ̀n, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gìtá?