Ọjọ́ Tí "Jápa" Já Màmá Mi Láyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. "Já" ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ìrírí mi lé lórí. Ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ilẹ̀ kì í mọ́ kí a má pè é: okùn kànga já, ọkọ̀ ń já ẹrù nídìí ọjà, àwọn ìyá wa ń já ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà ní ìlú ńlá ni wọ́n wá fi ìtumọ̀ tiwọn kún un.

Ní ọdún 2022, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó gba físà Kánádà, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni nílé títí ó fi wọ bàálù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó pe màmá wa lórí fóònù nírọ̀lẹ́, tó sì fi ayọ̀ sọ pé, "Màmá, ọmọ yín ti jápa o!" Ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni màmá jókòó sí. "Pa" nìkan ni etí rẹ̀ mú. Àyà rẹ̀ já, ewé tú dà nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ké pé, "Ta ló pa á?" Kí n tó gba fóònù, àwọn obìnrin àdúgbò ti wọ àgbàlá wa, wọ́n ń wí pé, "Ọ̀kún, ọ̀kún o," bí a ti í kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Mo ṣàlàyé pé òkè òkun ni ó sá lọ. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Kí ló jí?" N kò lè bá a wí, nítorí pé lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, ẹni tó jẹ gbèsè sá, àti ẹni tó lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, jápa ni gbogbo wọn jápa. N kò gbà pé wọ́n ba èdè jẹ́. Okùn tó já ti kúrò níbi tí a so ó mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jápa. Nígbà tí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, mo sọ ọ́ fún màmá. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí àyà ìyá ẹlòmíràn má baà já.

*

Tèmi kò gùn tó ti màmá. Kàbà ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa já." Èmi kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Mo ní kí ó má fi eyín já òwú o, pé sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì. Nígbà tí n kò gbọ́ èsì, mo wò ó: àpò rẹ̀ ti wà léjìká. Ilé ni ó ń lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ní òun fẹ́ já, mo máa ń bi í pé, "Òwú ni, àbí ilé?"