Iléeṣẹ́ tó ń ta òògùn ara ríro fẹ́ sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa: ṣé kí n gbà á?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tó lo Tramadol tàbí kódíìnì lálòjù wá. Kí wọ́n tó gbé wọn dé, wọ́n á ti rọ epo pupa àti mílíìkì sí ẹni tí ò mí dáadáa lẹ́nu! Lóṣù tó kọjá, gìrì mú ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì wa, a wá ń wojú ara wa. Mo fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì fún ogójì èèyàn: àwa nọ́ọ̀sì, àwọn CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò), àtàwọn oníkẹ́míìsì àdúgbò. Gbọ̀ngàn, oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti ìwé ń lọ sí ₦850,000. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ mẹ́ta.

Ni aṣojú iléeṣẹ́ kan tó ń ta òògùn ara ríro bá yọjú. Ó ní àwọn á san gbogbo ẹ̀, àmọ́ àwọn ló máa mú olùkọ́ wá, bánà wọn á sì wà lára ògiri. Ọkàn mi ò gbà á tán. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Bódìjà: Gbà á jàre. Ẹni tó ní òun fẹ́ bá ọ sọ ẹrù, ṣé ìgbà yẹn lo máa bi í pé ọmọ ta ni?

Ìyá Ìbejì, Maryland, Amẹ́ríkà: Bàbá, ẹ má bínú, ojú àwa níbí ti rí i. Ọdún 1996 ni iléeṣẹ́ Purdue Pharma gbé OxyContin, òògùn ara ríro tó lágbára gan-an, jáde. Títí di 2001, wọ́n ṣe ìpàdé tó lé ní 40 káàkiri, dókítà, apòògùn àti nọ́ọ̀sì tó lé ní 5,000 ló lọ jẹun níbẹ̀, iléeṣẹ́ ló san gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn pé òògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ di bárakú. Ní 2007 Purdue Frederick, iléeṣẹ́ tó bá wọn tan, gbà ní kóòtù pé irọ́ làwọn fi tà á, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú ti kú.

Nọ́ọ̀sì mi, owó nìkan kọ́ ló burú o. Ní 2012, FDA, àjọ tó ń rí sí òògùn níbí, pàṣẹ pé káwọn tó ń ṣe irú òògùn yẹn sanwó ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ fún aláìsàn, àmọ́ olùkọ́ tó dá dúró lowó ń lọ bá. Iléeṣẹ́ kì í yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Láti oṣù kẹfà 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ DEA, tó ń jẹ́ kéèyàn lè kọ irú òògùn bẹ́ẹ̀, tàbí tó fẹ́ tún un gbà gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 8 lórí bárakú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe tèmi, lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìjọba àpapọ̀ ló gbé e.

Apòògùn Abẹ́òkúta: Ẹ̀gbọ́n, ₦850,000 yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ tọrọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ìlera ọpọlọ àti bárakú, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fọ́tókọ́pì apá tó sọ̀rọ̀ òògùn olóró nìkan. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò níbí, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú bárakú, kí wọ́n yá yín dókítà kan fún ọjọ́ kan.

Naloxone, òògùn tó ń ká agbára irú òògùn yìí kúrò lára ẹni tó lò ó lálòjù, ni kí ẹ náwó lé. Kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn pé kì í ká gbogbo iṣẹ́ Tramadol, gìrì ṣì lè mú èèyàn. Mímí ni kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó. Agbára Naloxone kì í ju bí ọgbọ̀n sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà, tọ́mọ bá lajú, ẹ má jẹ́ kó máa lọ sílé! Epo pupa ńkọ́? Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ.

Bàbá Bódìjà: Ó dáa, mo ti gbọ́. Àmọ́ àwọn oníkẹ́míìsì ò ní ti ṣọ́ọ̀bù láìgba owó ọkọ̀ o. Àwọn míì nínú wọn ló sì ń ta nǹkan ọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe aṣojú yẹn, mo ní kí wọ́n san owó náà sápò ẹgbẹ́ wa, àwa la máa mú olùkọ́, kò sì ní sí bánà. Ó ní òun á bi ọ̀gá òun, kò tíì pè padà. Pásítọ̀ ti fún wa ní gbọ̀ngàn. Ìyá kan lọ́jà ní òun á se ìrẹsì ọjọ́ kìíní. Ó ku Naloxone: ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ogún ìgò rà n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, lójúlówó?