Àgbò wo ni kí n fi gun àwọn abo àmúlùmálà mi?

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ẹ̀bá Kàbbà ni mo wà. Abo àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa 14 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n le bí òkúta. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í tètè dá wọn wólẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ara wọn kò tó nǹkan. Bí Iléyá bá dé, oníbàárà á wò wọ́n, á rẹ́rìn-ín, á kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó kó àgbò wá láti òkè Hausa.

Ni mo bá ra àgbò Yankasa kan, irú àgùntàn òkè Hausa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tóbi lóòótọ́, àmọ́ nígbà òjò, ikọ́ àti aràn bá wọn fà á ju àwọn ìyá wọn lọ. Mẹ́ta kú. Abo kan rọbí títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ló tóbi jù fún un. (Láti ọjọ́ náà, abo tí kò bímọ rí kì í sún mọ́ àgbò yẹn mọ́.)

Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR (àrùn àjàkálẹ̀ tó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́) fún wọn, mo ń lo oògùn aràn, mo sì ti fi pákó gbé ilé wọn sókè. Mo ro ti Uda, irú àgùntàn òkè Hausa mìíràn, àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló mọ́ ọn lára. Dorper ti South Africa ńkọ́? Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ.

Ní báyìí, abo àmúlùmálà mẹ́fà, ọmọ àgbò Yankasa yẹn, ti tó gùn: ṣé àgbò ilẹ̀ wa ni kí n dá wọn padà sí, àbí Yankasa mìíràn, àbí àgbò àmúlùmálà tí kì í ṣe ọmọ bàbá wọn?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.