Dighinala: ṣé abẹ́ Khagrachhari ló wà ni, àbí abẹ́ ọba Chakma?

Àdìó Ayàwòrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Máàpù ni mò ń yà, ti Chittagong Hill Tracts ní gúúsù ìlà-oòrùn Bangladesh. Mo ti fi àwọ̀ mẹ́ta kun àgbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Rangamati, Khagrachhari, Bandarban. Mo ní ó ti tán, àfi bí mo ṣe rí ìwé ilẹ̀ kan láti Dighinala, ìlú kan níbẹ̀. Khagrachhari ló wà lókè rẹ̀, «Chakma Circle» ló wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Rangamati ni ààfin ọba ẹ̀yà Chakma wà! Ta ló ṣì í kọ?

Ìyá Tóbi:
Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ, Àdìó. Ọdún méjì ni mo fi bá àwọn olùtọ́jú aláìsàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ (ìwé àṣẹ nìkan ni àjèjì fi ń wọ ibẹ̀, ìyẹn ìtàn mìíràn). Ètò méjì ló wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ti ìjọba àpapọ̀ ní Dhaka ni ẹkùn Chittagong, tí wọ́n pín sí àgbègbè, àgbègbè sí upazila (bí ìjọba ìbílẹ̀), upazila sí union. Ìkejì ṣáájú Bangladesh, òfin 1900 tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀: ọba mẹ́ta, Chakma, Bohmong àti Mong. Circle ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ọba kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pín in sí mouza, headman ló ń darí mouza, karbari ló ń darí abúlé.

Má fojú kéré headman o. Mo jókòó sílé ọ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan: tábìlì pákó, ìwé gbàǹgbà tí etí rẹ̀ ti ká, òǹtẹ̀ rọ́bà kan ṣoṣo. Àwọn bàbá ń wọlé níkọ̀ọ̀kan láti san owó jum, ìyẹn owó oko tí wọ́n ń ṣán, tí wọ́n ń sun lórí òkè. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ, kò yára rárá.

Ìdí tí ìlà wọn ò fi bára mu: àgbègbè kan ṣoṣo ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bandarban di àgbègbè tirẹ̀ lọ́dún 1981, Khagrachhari lọ́dún 1983. Wọ́n gé àgbègbè, wọn ò fọwọ́ kan circle. Torí náà ni Dighinala ṣe ṣì wà lọ́dọ̀ Chakma. Rajasthali sì wà ní Rangamati, ṣùgbọ́n Bohmong tó wà ní Bandarban ni ọba wọn.

Kúnlé B.:
Ẹ gbàgbé àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè, Ìyá Tóbi. Láti 1989 ni wọ́n ti wà, láìgba àṣẹ wọn ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà ti December 2, 1997 tún gbé ìgbìmọ̀ kan lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí. Àdìó, máàpù wo lo sì ń wò kọ? Bó bá ṣáájú dáàmù Kaptai tí wọ́n parí lọ́dún 1962, sọ ọ́ nù. Bí ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn ló kó kúrò nílé, ààfin Chakma àtijọ́ wà lábẹ́ omi.

Àdìó Ayàwòrán:
Hẹ̀n! Ti 1950 kúkú ni. Ẹ ṣé o. Màá kun Dighinala ní àwọ̀ Khagrachhari, màá fa ìlà Chakma gba orí rẹ̀. Ìyá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, upazila Kaptai fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Tóbi:
Apá kan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bohmong. Má wò ó ní upazila, mouza ni kí o máa kà níkọ̀ọ̀kan.